Ọmọ Díákónì àti Òṣìṣẹ́ Réluwéè Ìdí-Apá

Ẹ̀yin ọmọ ilé, ẹ̀yin àlejò tó yà kí wa, ẹ fa àpótí yín sún mọ́ mi. Kí ẹni tó ń jẹ àgbàdo rọra máa jẹ ẹ́, kí ariwo eyín má bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Ìtàn tí mo gbé wá kì í ṣe ti ìjàpá, kì í sì í ṣe ti ọba. Ìtàn ọmọbìnrin Fìdítì kan ni, tó fẹ́ràn ọkùnrin Ìlọrà kan, tí òkú ọdún gbọọrọ sì dùbúlẹ̀ sáàárín wọn bí igi tó wó dí ọ̀nà oko. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí inú ẹnikẹ́ni kò dùn, kí ó wá gba àgbàdo tèmi kún tirẹ̀.

Fìdítì kò ní réluwéè, Ìlọrà kò ní. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń fa ọ̀nà irin láti Ìbàdàn lọ sókè, apá ìlà-oòrùn ni wọ́n gbé e gbà, ó fi àwọn ìlú wa sílẹ̀ bí ìyàwó tuntun tó gba iwájú ilé ẹni kọjá lọ sílé ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, mọ́tò ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ dé Ìdí-Apá. Téṣàn kékeré ni: ilé bíríkì pupa kan, páànù tó ti dípẹtà, agogo irin kan, àga gígùn méjì, àti igi apá ńlá tí wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ. Àwọn àgbà ní igbó kìjikìji ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ fún irin ló pàgọ́ sábẹ́ igi náà. Nígbà tí wọ́n ṣí lọ, téṣàn ló ṣẹ́kù, àti àwọn ènìyàn díẹ̀ tí kò rí ibi padà sí.

Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin Fìdítì ń gbé ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ kí ọkọ̀ lè kó o lọ sí Kánò. Àlàkẹ́, ìyàwó Díákónì Adéníyì, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1962, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó sì bẹ ọmọ rẹ̀ Adéjọkẹ́ kó bá òun sin ẹrù lọ ní ọjọ́ Sátidé. Tíṣà ni Adéjọkẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ọmọ ọdún méjìlélógún, ó dúdú, ó ga, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n.

Mọ́tò jò táyà lọ́nà. Nígbà tí wọ́n fi dé Ìdí-Apá, réluwéè ti dúró, ó ń tú èéfín. Adéjọkẹ́ bẹ́ sílẹ̀, ó sáré lọ bá ọkùnrin kan tó wọ kákí, tó gbé òrùka irin ńlá kan kọ́ èjìká.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọkọ̀ dúró!"

"Agbọ̀n mélòó ni?"

"Mẹ́rìnlá."

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ọkọ̀ yìí ń lò níbí. Ó ti lo méjì."

"Ẹ bá wa gbé e, nígbà náà."

"Ẹrù gbígbé kọ́ ni iṣẹ́ mi."

"Kí wá ni iṣẹ́ yín? Kí ẹ máa gbé òrùka kọ́ èjìká bí ọ̀kọ̀pẹ tó gbé igbà, tí kò rí ọ̀pẹ gùn?"

Àwọn alábàárù bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà ni yín. Mo ti mọ̀ ọ́n lẹ́nu yín. Igbà tí ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, ọ̀kan ṣoṣo ló wà fún ojú irin tó lọ láti ibí dé téṣàn tó kàn. Awakọ̀ tí kò bá tí ì gbà á kò gbọdọ̀ kúrò níbi tó wà, kí ọkọ̀ méjì má baà lọ kọlu ara wọn."

"Ṣé awakọ̀ ti gbà á?"

"Kò tí ì gbà á."

"Ẹ rọra rìn lọ bá a. Ẹ̀gún lè wà lọ́nà."

Ọkùnrin náà wò ó. Ó wo ọkọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síwájú bí agẹmọ, tí ó ń gbé ẹsẹ̀ kan, tí ó ń ro ti èkejì. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ awakọ̀, agbọ̀n kẹrìnlá ti wọlé.

Olúdáre ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlọrà, igbákejì ọ̀gá téṣàn. Adéjọkẹ́ kò béèrè, àwọn alábàárù ló sọ fún un. Nínú mọ́tò, nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, ó ń rẹ́rìn-ín sí ìta fèrèsé, kò sì mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Ẹsẹ̀ Àlàkẹ́ san kí oṣù tó parí. Adéjọkẹ́ kò jáwọ́ nínú Ìdí-Apá. Ní ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ ń to ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú agbọ̀n, ó ní, "Adéjọkẹ́, ẹsẹ̀ tèmi ti yá. Ó jọ pé tìrẹ ló wá ń yún ọ́ ní gbogbo Sátidé."

"Màmá, mò ń ràn yín lọ́wọ́ ni."

"Ó dáa. Ìrànlọ́wọ́ tó ń kun àtíkè, a kò rí irú rẹ̀ rí."

Ní ayé ìgbà náà, ọkùnrin kì í dédé kọjú sí obìnrin kó ní òun fẹ́ ẹ. Alárinà ní ń gbé ọ̀rọ̀ náà. Josephine ni Olúdáre lọ bá, tíṣà ẹlẹgbẹ́ Adéjọkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Josephine gba lẹ́tà rẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹnu ara yín pàṣẹ fún ọkọ̀ tó tóbi tó báyìí, ẹ ò wá lè fẹnu ara yín bá ọmọ ènìyàn sọ̀rọ̀?"

"Ọkọ̀ kì í fún ènìyàn lésì, Sisí Josephine. Ẹnu ọ̀rẹ́ yín ń bà mí lẹ́rù."

Josephine rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé lẹ́tà náà lọ, ó gbé èsì wá. Adéjọkẹ́ kò tètè jẹ́ hóò, nítorí obìnrin tó bá yára dáhùn, wọn á ní ó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi oṣù mẹ́rin wò ó. Ó rí i pé kì í mutí níbi iṣẹ́, kì í pariwo mọ́ àwọn alábàárù, ó sì máa ń ra màsà lọ́wọ́ Ìyá Sàúdátù, arúgbó tó ń dín in lábẹ́ igi apá, bí ebi kò tilẹ̀ pa á. Nígbà tí oṣù karùn-ún pé, ó ní kí Josephine sọ fún un pé òun ti gbọ́.

Ìgbà tí ọdún 1963 wọlé, àwọn ẹbí Olúdáre ránṣẹ́ sí Díákónì Adéníyì pé àwọn rí òdòdó kan lágbàlá rẹ̀. Díákónì kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó rán Bámidélé, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, lọ sí Ìlọrà láti lọ wádìí, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó máa fọmọ fọ́kọ náà gbọ́dọ̀ wo ilé.

Bámidélé lo ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó dé, Adéjọkẹ́ wà ní yàrá ìdáná, ó ń ṣe bí ẹni tó ń gún ata, ṣùgbọ́n odó kò dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Bámidélé sọ ní pálọ̀, "ẹ̀tẹ̀ kò sí nínú wọn, wárápá kò sí, wọn kì í jalè. Ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ń lọ. Ìyá ọmọ náà níwà. Bàbá rẹ̀ ti kú."

"Ó dára."

"Ṣùgbọ́n..." Bámidélé wúkọ́. "Ọlálékan ni bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Ọlálékan yẹn náà."

Adéjọkẹ́ gbọ́ tí àga bàbá rẹ̀ fà gbọọrọ sẹ́yìn.

"Adéjọkẹ́! Mo mọ̀ pé o ń gbọ́. Wá síbí."

Ó wá, ó kúnlẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

"Ọmọ oṣù mẹ́ta ni mí," Díákónì sọ, "nígbà tí bàbá mi, Ọládipọ̀, àti Ọlálékan ará Ìlọrà jọ lọ gbẹ́ ilẹ̀ réluwéè. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan ni wọ́n. Àwọn méjì ló lọ, ẹnì kan ló bọ̀. Ọlálékan dúró níwájú ìyá mi, ó ní, 'Ó ti bá irin lọ sókè. Yóò dé.' Ìyá mi ń bu oúnjẹ sílẹ̀ dè é títí mo fi jáde ìwé mẹ́fà. Wọn ò lè pè é ní opó, wọn ò lè pè é ní adélébọ̀. Ó kú, ojú rẹ̀ ń wo ẹnu ọ̀nà. Bàbá tó rí irin tó gbàgbé ọmọ, èmi ni ọmọ náà. Ẹni tó mú un lọ tí kò mú un bọ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ lo fẹ́ fẹ́. Òun náà tún wá ń ṣiṣẹ́ irin."

"Bàbá, Olúdáre kò tí ì dáyé nígbà náà."

"Ẹ̀jẹ̀ ti dáyé. Bí o bá fẹ́ lọ, lọ. Èmi ò ní di ọ́ lókùn. Ṣùgbọ́n ẹnu tí mo fi ń gbàdúrà nínú ìjọ Ọlọ́run kò ní súre fún ọ láéláé."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọmọ tí bàbá lù, a máa sunkún tán. Ọmọ tí bàbá ní òun kò ní súre fún, ibo ni yóò gbé ẹkún náà gbà? Adéjọkẹ́ mọ̀ pé òun kò lè fẹ́ Olúdáre láìsí ìre bàbá òun. Ó tún mọ̀ pé ọkàn òun kò lè gba ẹlòmíràn. Èyí tó burú jù, tí kò sọ fún Josephine pàápàá, ni pé ẹ̀rù wá ń bà á. Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀? Bí Olúdáre bá wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan tí kò dé ńkọ́? Ṣé òun náà yóò máa bu oúnjẹ sílẹ̀ bí ìyá àgbà, tí èèrà yóò máa bo ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri?

Ó sọ ọ́ fún un lábẹ́ igi apá ní Sátidé kejì. Olúdáre mi orí.

"N kò ní bẹ̀ ọ́ pé kí a sá lọ. Ọmọ tí a bá jí gbé kò ní ilé tí yóò padà sí lọ́jọ́ ọdún. Jẹ́ kí n béèrè ohun tí bàbá àgbà ṣe."

Ó béèrè. Ó lọ sí Ìlọrà lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ ní Ọlálékan kì í sọ̀rọ̀ réluwéè rárá, bí wọ́n bá dá a sílẹ̀, yóò dìde kúrò níbẹ̀. Irú èyí kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ńṣe ló ń jọ ẹni tó jẹ̀bi. Òjò rọ̀, òjò dá. Adéjọkẹ́ rù. Àlàkẹ́ ń wo ọmọ rẹ̀, ó ń wo ọkọ rẹ̀, ó ń pa ẹnu mọ́ bí ìkòkò tó ń hó sínú.

Nígbà tí oṣù Bélú fẹ́ parí, Josephine sáré wọ kíláàsì Adéjọkẹ́, kò kan ilẹ̀kùn.

"Wọ́n ti gbé Olúdáre kúrò. Kafáńṣán, lókè Ọya. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni yóò lọ."

"Mọ́ńdè wo?"

"Èyí tó ń bọ̀ yìí, ìwọ náà! Kí lo jókòó tí o ń wò mí fún? Ọ̀la ni Sátidé."

Adéjọkẹ́ dé Ìdí-Apá láìgbé agbọ̀n kan. Ó bá Olúdáre lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, tó ti bọ́ ẹ̀wù kákí rẹ̀ kọ́ igi, tí àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n rán wá gba ipò rẹ̀ dúró tì í. Ìyá Sàúdátù náà wà níbẹ̀, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀. Koríko ni Olúdáre ń ṣán lórí òkìtì gígùn kan tó ní ègé irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbi orí.

"Kí lẹ ń ṣe?"

"Ibojì ni," Olúdáre sọ. "Ẹni tó bá wà níbí ló ń ṣán an, bó bá sì ń lọ, á fi han ẹni tó ń bọ̀. Ọ̀gá tí mo bá níbí ló fi hàn mí, ọ̀gá tirẹ̀ ló fi han òun náà. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó kún."

"Ibojì ta ni?"

"A ò mọ̀. Òkú ọ̀kan nínú àwọn tó gbẹ́lẹ̀ fún irin ni."

"Ọmọ Fìdítì ni," Ìyá Sàúdátù sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ọ̀pá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Adéjọkẹ́ kúnlẹ̀ síwájú arúgbó náà nínú koríko tútù.

"Ìyá, kí lorúkọ rẹ̀?"

"Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ pè é."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó fi mí búra. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, bàbá mi ló ń se oúnjẹ fún àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀."

"Ìyá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Bàbá tó bí bàbá mi lọ gbẹ́ ilẹ̀ irin, kò bọ̀. Ọládipọ̀ ni wọ́n ń pè é."

Arúgbó náà wò ó lójú, ó tún wò ó. Ó wá jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Dípọ̀," ó ní. "Dípọ̀ ẹlẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ẹ́gbóná ló mú un."

Ẹ̀yin èwe ìsinsìnyí ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Àìsàn tó ń sọ ara di ilé eéwo, àwọn àgbà kì í dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá pa, wọn kì í sunkún rẹ̀. Àwọn àwòrò rẹ̀ á wá, wọn á kó gbogbo ohun tí òkú náà ní, láti orí aṣọ títí dé ẹní. Ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣọ̀fọ̀, ńṣe ni wọ́n á ní kó máa dúpẹ́.

"Bàbá mi ti ní in rí, kò ba òun lẹ́rù mọ́," Ìyá Sàúdátù ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Òun àti Ọlálékan ló sin ín. Ọlálékan sunkún títí ohùn rẹ̀ fi pin. Ó ní Dípọ̀ fi ìyàwó àti ọmọ jòjòló sílẹ̀. Ó ní, 'Bí mo bá délé tí mo sọ ohun tó pa á, wọn á kó ilé náà tú, ọmọ yẹn ò sì ní rí ẹní sùn. N ó sọ pé ó ń bọ̀. Bó bá pẹ́, wọn á gbàgbé.' Bàbá mi ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́. Ìgbà tí téṣàn kọ́kọ́ ní ọ̀gá, Ọlálékan bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bá òun tọ́jú ibojì. Òun fúnra rẹ̀ ń wá lọ́dọọdún bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, títí tí n ò fi rí i mọ́."

Àdá bọ́ lọ́wọ́ Olúdáre.

"Ìyá mi máa ń sọ pé bàbá àgbà ní ọ̀rẹ́ kan ní Ìdí-Apá tó máa ń lọ kí."

"Ọ̀rẹ́ náà rèé," Ìyá Sàúdátù sọ, ó fi ọ̀pá nà án.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Adéjọkẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Díákónì gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní, "Irọ́ ni. Ọmọkùnrin yẹn ló lọ kọ́ arúgbó lọ́rọ̀."

Ni ìkòkò tó ń hó sínú bá ṣí ọmọrí. Àlàkẹ́ dìde.

"Bàbá Adéjọkẹ́, láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà lọ́dọ̀ yín, n kò gbó yín lẹ́nu rí. Lónìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Gbogbo ọjọ́ ayé yín lẹ fi ń bínú sí ọkùnrin kan. Bóyá ó wà láyé, bóyá kò sí, ẹ kò mọ̀. Ẹ lọ wò ó. Bó bá jẹ́ irọ́, ẹ padà wá bínú síbi tí ẹ bá a dé. Ìbínú yín ò ní sá lọ, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, èmi ni mo ń sè fún un."

Bámidélé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó yáa di í mẹ́nu.

Mọ́ńdè, mọ́tò gbé gbogbo wọn dé Ìdí-Apá nígbà tí oòrùn ń gòkè. Ọjọ́ náà ni Díákónì Adéníyì kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ téṣàn láyé rẹ̀. Olúdáre ti di ẹrù, réluwéè ọ̀sán ni yóò gbé e lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, Díákónì kò dá a lóhùn. Ìyá Sàúdátù ń bọ̀ láti abẹ́ igi apá. Nígbà tó dé iwájú Díákónì, kò kí i.

"Na ọwọ́ òsì rẹ."

Díákónì wò ó bíi pé orí rẹ̀ kò pé, ṣùgbọ́n ó nà án. Arúgbó náà mú ọwọ́ yẹn, ó fi àtàǹpàkò wá ẹ̀gbẹ́ ìka ọmọńdinrín, ó sì bá ojú àpá kékeré kan pàdé níbẹ̀. Gbogbo ìgbà ni Adéjọkẹ́ ti ń rí àpá náà, ó rò pé àdá ló ṣe é.

"Ó ní ìka mẹ́fà ni wọ́n bí mọ́ ọmọ òun lọ́wọ́ òsì," Ìyá Sàúdátù sọ. "Ó ní ìyá rẹ̀ fi òwú so ó títí tó fi já. Bí ibà ṣe ń jó o yẹn, ọ̀rọ̀ ìka yẹn ló ń sọ, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọlọ́rọ̀ lọmọ òun máa dà, torí ìka rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ."

Yàtọ̀ sí Díákónì fúnra rẹ̀, ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀ nípa ìka yẹn, ó sì ti kú. Àlàkẹ́ gan-an kò mọ̀.

Díákónì ṣí fìlà. Ó ní kí wọ́n mú òun débẹ̀. Ó dúró ti ibojì náà, ó béèrè láìbojúwẹ̀yìn pé, "Kí ló dé tí Ọlálékan jẹ́ kí ìyá mi máa dúró?"

"Ó rò pé ìrètí sàn ju òfò lọ," Ìyá Sàúdátù dáhùn. "Ọmọdé ni òun náà. Wọn ò ju ọmọ ogún ọdún lọ, àwọn méjèèjì."

"Ó ṣe àṣìṣe."

"Ó ṣe é. Ó sì ń wá bẹ̀ ẹ́ níbí lọ́dọọdún."

Díákónì kúnlẹ̀. Èéhù koríko kan ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà, ó fà á tu. Nígbà tó yí ojú padà, omi ti ṣàn dé irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wo Olúdáre.

"Ìwọ lo ń ṣán an?"

"Ọdún mẹ́ta, sà."

"O ò mọ ẹni tó wà níbẹ̀?"

"N ò mọ̀ ọ́n, sà. Wọ́n ní kí a má jẹ́ kó kún ni."

"Ẹni tí kò mọ bàbá mi ń tọ́jú rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀ ń ṣépè fún un." Ó dìde. "Adéjọkẹ́, súnmọ́ mi. Ìwọ náà, ọmọ Ìlọrà."

Olúdáre ti wà nílẹ̀ gbọọrọ nínú kákí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Díákónì gbé ọwọ́ kan lé orí rẹ̀, ó gbé èkejì lé orí ọmọ rẹ̀.

"Ẹnu tí mo fi ní n kò ní súre, ẹnu náà rèé. Olúwa bùkún yín. Kí ẹ̀yin méjèèjì dàgbà papọ̀. Lọ síbi iṣẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n kí ìyá rẹ àti àwọn ẹbí rẹ má jẹ́ kí ọdún tuntun pẹ́ kí n tó rí wọn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe ìsìn òkú bàbá mi. Òkú lákọ̀ọ́kọ́, ìyàwó lẹ́yìn."

Àlàkẹ́ hó. Àwọn alábàárù hó. Ọ̀gá téṣàn tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ lu agogo, nítorí ọkọ̀ ti ń bọ̀ lókèèrè. Adéjọkẹ́ wo Olúdáre bó ti ń wọ ọkọ̀, ó wádìí ọkàn ara rẹ̀ wò, kò bá ẹ̀rù kankan níbẹ̀ mọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1964, àlùfáà ìjọ wá ṣe ìsìn fún Ọládipọ̀ ní Ìdí-Apá, àwọn ará Fìdítì àti Ìlọrà jọ kọrin, wọ́n sunkún tí wọn ò jẹ́ kí ìyá àgbà sun. Lẹ́yìn Àjíǹde ni ìdána. Wọ́n mú Adéjọkẹ́ jáde, Bámidélé bi í, gẹ́gẹ́ bí àṣà, bóyá ó mọ ọkùnrin yìí.

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ṣé kí a gba ẹrù wọn?"

"Ẹ gbà á."

"Mo tún bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì..."

"Bàbá, ẹ gbà á kí ọkọ̀ tó lọ!" Ilé wó fún ẹ̀rín. Josephine ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹba, ṣùgbọ́n òun kò ní yẹ̀ títí òun yóò fi jẹ itan adìẹ tòun.

Ọjọ́ kẹta ìgbéyàwó, ìdajì Fìdítì sin ìyàwó dé Ìdí-Apá. Ọkọ̀ dé. Olúdáre àti Adéjọkẹ́ wọlé, wọ́n jókòó. Díákónì ní òun kò lè gbàdúrà fún ọmọ òun láti ìta bí ẹni tó ń kí onígbèsè, ó sì gun ọkọ̀ wọlé tọ̀ wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì. Ó gbàdúrà fún Ábúráhámù, ó gbàdúrà fún Sárà. Olúdáre mọ iye ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ ń lò, òógùn bò ó, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá àdúrà bàbá ìyàwó rẹ̀ dúró lọ́jọ́ kẹta ìgbéyàwó? Fèrè dún.

"Bàbá," Adéjọkẹ́ rọra pè é, "ọkọ̀ ti..."

"Di ojú rẹ!"

Nígbà tí Díákónì fi dé ibi tó ní "Àmín", ó lajú, ó sì rí i pé igi ń sáré lọ sẹ́yìn ní ìta. Ó yọ orí síta. Àlàkẹ́ ti kéré bí abẹ́rẹ́, ó ń ju gèlè sókè, gbogbo Fìdítì ń fò, wọ́n ń pariwo. Olúdáre ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

Díákónì bú sẹ́rìn-ín. Adéjọkẹ́ kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu bàbá rẹ̀, ẹ̀rín tó mi èjìká, tó mi ikùn. Ó dé fìlà rẹ̀ dáadáa, ó fi ìdí ti àna rẹ̀ síbi kan.

"Sún mọ́hùn-ún, jẹ́ kí n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Téṣàn kejì ni n ó ti sọ̀ kalẹ̀. Tàbí ìkẹta."

Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Josephine ló sọ ọ́ fún mi, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Òun náà ń bẹ lójú irin lọ́jọ́ yẹn, gèlè lọ́wọ́, itan adìẹ lọ́wọ́ kejì. Títí tó fi darúgbó, bó bá ti dé ibi àdúrà yẹn, kì í lè parí ìtàn náà fún ẹ̀rín. Èmi ni mo ń bá a parí rẹ̀.